Ìlà Pupa Ẹsẹ̀ Ilé

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọwọ́ Ìyá Tónítóní wọ inú férémù ilẹ̀kùn. Kò gbá a, kò jàn án. Ó kàn fẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ mú garawa ni, orúnkún ń dùn ún, ló bá di igi ilẹ̀kùn mú bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dà á láàmú. Ọ̀dà funfun tó wà lára igi náà ń dán, torí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó nù ún. Àfi bí ìka rẹ̀ mẹ́rin ṣe wọlé wẹ́rẹ́, tí eruku sì ń dà sórí bàtà rẹ̀. Igi ò sí nínú igi mọ́. Ọ̀dà nìkan ló kù tó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan wà lẹ́yìn òun.

Ó yọ ọwọ́, ó tẹjú mọ́ ihò náà. Àwọn kòkòrò funfun kéékèèké ń sá lu ara wọn nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò bá wọn lára mu. Ikán ni. Kò lọgun. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó gbọn eruku orí bàtà rẹ̀ dànù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Ó ti rẹ̀ mí."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Òun nìkan ló ń gbé ilé náà.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Igi tí wọ́n kùn lọ́dà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ obìnrin yìí á mọ̀ pé kò sí ohun tó lè dùn ún tó pé kí nǹkan máa bàjẹ́ lábẹ́ ibi tí òun máa ń nù.

Iṣẹ́ agbálẹ̀ ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ní iléèwé girama kan: kíláàsì méjìdínlógún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn méjì, yàrá àwọn olùkọ́, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, gbogbo rẹ̀ á ti mọ́. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ẹgbẹ̀rin ọmọ á ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́ bà jẹ́. Ọjọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Tónítóní. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọmọ ò mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́, òun náà sì gbà á. Ohun tó gbé wálé láti ẹnu iṣẹ́ ọ̀hún ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ kan, àti orúnkún méjì tó ń dùn ún.

Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, ẹni tó bá sì bá a jókòó fún wákàtí kan ò ní béèrè ìdí. Ó lè to búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju "omi" àti "sìmẹ́ǹtì" lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ilé wọn, yàrá mẹ́rin, ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń kọ́ tàwọn ẹlòmíràn, ọjọ́ keje ló fi ń kọ́ tirẹ̀. Ní ọdún tó kẹ́yìn, kó tó da ilẹ̀ ilé náà, ó pe ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Apakán, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa da oògùn ikán sí ìpìlẹ̀ ilé. Nígbà tí ilé parí, tí wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ mílíìkì tí ìyàwó fẹ́, ọkọ mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìlà pupa kan yí ẹsẹ̀ ògiri ká, ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sókè ilẹ̀.

"Kí leléyìí?" ni ìyàwó béèrè.

"Ẹsẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ máa hàn."

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán lórí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yìí ò kún ṣíbí.

Ìlà pupa náà bí Ìyá Tónítóní nínú. Lójú tirẹ̀, ìdọ̀tí tí ẹnì kan kọ̀ láti nù ni. Èyí tó tún burú jù ni pé omi òjò tó ń já bọ́ láti etí páànù máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri, tí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ á fi yọ síta gbalaja. Àgbà tí aṣọ rẹ̀ kúrú ni irú ilé bẹ́ẹ̀ jọ lójú rẹ̀, ojú sì ń tì í fún un. Nítorí náà, láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbá àgbàlá yíká, á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná jọ sí ẹsẹ̀ ògiri, á fi ìdí ìgbálẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìlà pupa á fi wọlẹ̀. Ilẹ̀ á tẹ́jú, ògiri á dán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ á mú ṣọ́bìrì, á kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà kúrò, á lọ dà á sí ìdí igi tó wà lẹ́nu géètì. Ìlà á tún yọjú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàwó á tún mú ìgbálẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe èyí. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ilé kejì máa ń sọ pé iyẹ̀pẹ̀ ilé wọn ń rìnrìn àjò ju awakọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, sùúrù Ìyá Tónítóní tán, ó lọ dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí níbi tó ti ń kó iyẹ̀pẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Gbogbo ohun tí mo bá ti ṣe, ẹ ó tú u ká?"

"Má bínú," ni ọkùnrin náà wí. Ó sì ń kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ.

Olóríkunkun ni ìyàwó pè é. Ó sọ ọ́ fún aránṣọ, ó sọ ọ́ fún ọmọ, ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti lè dúró gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ìyẹn náà. Ṣọ́bìrì rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí, lẹ́yìn yàrá ẹ̀yìn, igi rẹ̀ fara ti ògiri. Iyẹ̀pẹ̀ tí ìyàwó wọ́ jọ ní ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀ di Sátidé, ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé mìíràn. Ìyá Tónítóní ti rò pé bí òun bá borí lọ́jọ́ kan, inú òun á dùn. Ó borí, inú rẹ̀ ò dùn. Síbẹ̀ ó ń gbá a, ó ń wọ́ ọ jọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ara ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún orúnkún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aago márùn-ún ìdájí ò gbọ́ nípa rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ó rí ìlà amọ̀ tín-ín-rín kan lára ògiri yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi àkísà tútù nù ún. Ọjọ́ kẹta, ó tún wà níbẹ̀. Ó tún nù ún. Ẹlòmíràn ì bá ti pe ènìyàn wá wò ó, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a nù lónìí tó tún padà wá lọ́la, kí ni obìnrin yìí tún fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ̀ bí kò ṣe ìyẹn? Oṣù mẹ́sàn-án ló fi nù ún. Ẹ ò lè sọ pé kò tọ́jú ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí ọwọ́ rẹ̀ wọ inú férémù yìí, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ kan ṣoṣo náà ni, ọkùnrin, ó ń gbé ìlú mìíràn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ kó wá bá wọn gbé.

"Màmá, ilé yẹn ti pọ̀ jù fún yín. Yàrá yín wà nílẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ ń béèrè yín."

"Férémù ilẹ̀kùn kan ni mo sọ fún ẹ, mi ò sọ pé ilé wó."

"Ikán tó jẹ férémù, ṣé orí férémù ló máa dúró sí? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ wá wò ó. Tó bá ní òrùlé ti bàjẹ́, mo máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá ní Sátidé, a ó kó ẹrù yín. Tó bá ní kò bàjẹ́, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà."

Ọmọ náà ò rò pé ìyá òun á gbà. Ìyá fúnra rẹ̀ ò rò pé òun á gbà. Ohun tí kò sọ fún ọmọ, tí kò sì sọ fún aránṣọ, ni pé ó ń wù ú kí wọ́n sọ pé òrùlé ti lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ilé náà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ pé ó tó, kó má jẹ́ òun ló fi ẹsẹ̀ ara òun jáde kúrò nílé tí ọkọ òun fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́.

Apakán wá ní Ọjọ́rú. Ọkùnrin kan náà tó da oògùn sí ìpìlẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì gbé páǹpù oògùn rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó pọn ọmọ tó ti dàgbà jù fún pípọ̀n. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wo ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ilé bíríkìlà nìyí," ó ní. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ẹ kú ọdún gbọọrọ. Ẹ máa wọlé, ẹ má wo eruku."

"Eruku wo? Tí mo bá rí eruku níbí, mo máa mọ̀ pé mo ṣìnà ni."

Ìyá Tónítóní rẹ́rìn-ín, èyí tí kò tíì ṣe láti ọjọ́ Ajé.

Apakán yọ irin ṣóńṣó kan tó ní èèkù igi nínú àpò rẹ̀. Èèkù yẹn ló fi ń kan férémù kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì ń dẹtí sí i. Igi tó yè á dáhùn kọ́, kọ́. Èyí tí ikán ti jẹ á dáhùn pọ̀, pọ̀, bí ike tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Férémù iwájú, kọ́. Férémù pálọ̀, kọ́. Férémù yàrá ẹ̀yìn ò tiẹ̀ dúró dáhùn, irin gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti di bébà. Apakán gbé àkàbà, ó ṣí ihò àjà, ó fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu, ó sì gòkè lọ.

Ìyá Tónítóní jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń fà lókè, tó ń kan igi lọ. Kọ́, kọ́. Pọ̀ ló ń retí, ó ti múra sílẹ̀ fún un. Kọ́, kọ́. Lórí pálọ̀, kọ́. Lórí yàrá tí òun ń sùn, kọ́. Ó ń kà á láìmọ̀ pé òun ń kà á. Nígbà tó dé orí yàrá ẹ̀yìn, ó gbọ́ pọ̀, ó tún gbọ́ pọ̀, àyà rẹ̀ sì já dé ìdodo. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ara òun ni òun ń parọ́ fún láti ọjọ́ Ajé. Kò fẹ́ lọ síbì kankan.

Apakán sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku orí rẹ̀ dànù.

"Igi mẹ́rìnlélógún ló wà lókè, Màmá. Méjì ti lọ, àwọn tó wà lórí yàrá ẹ̀yìn. Èyí tó kù, àwọn ọmọ-ọmọ yín á dàgbà bá a."

"Ṣé òrùlé ti bàjẹ́ ni àbí kò bàjẹ́? Bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ fún mi."

"Kò bàjẹ́. Káfíńtà kan, ọjọ́ méjì, ó parí. Ilé yìí ò ní wó." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbà wọlé ni kò yé mi. Kì í ṣe oògùn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nílẹ̀ níbí. Mo ti wá tún un dà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin ò sí nílé. Èyí tó kẹ́yìn ò ju ọdún méje lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ìta."

Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní, ìlà ìgbálẹ̀ òwúrọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Apakán lóṣòó sí ẹsẹ̀ ògiri, ó ti irin bọ inú iyẹ̀pẹ̀. Irin náà wọlé dé èèkù.

"Ta ló ń kó iyẹ̀pẹ̀ síbí?"

"Èmi ni. Mi ò kó o, mo ń gbá a ni. Mo ń tẹ́ ẹ kó lè rí dáadáa."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ìlà pupa fi yọ. Ọ̀nà amọ̀ kan tó tó ìka ọwọ́ gun orí ìlà náà kọjá, ó wọ inú ògiri lọ. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rí i láti òkè.

"Oògùn wà nínú ilẹ̀ nísàlẹ̀," ni Apakán wí. "Ikán ò lè gba inú ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ ilé bá hàn, tí wọ́n bá sì fẹ́ gùn ún, àfi kí wọ́n kọ́ ọ̀nà sí gbangba, ẹ ó sì tètè rí i. Iyẹ̀pẹ̀ tuntun yìí ò ní oògùn. Orí oògùn ló jókòó lé. Afárá ló di fún wọn, Màmá. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá."

"Ìgbálẹ̀ mi?"

"Ìgbálẹ̀ yín ni. Ẹ má bínú."

Wọ́n ní ká má fi ọ̀tún ṣe é ká fi òsì bà á jẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ni obìnrin yìí fi ń di ìgbálẹ̀ mú. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ títẹ́jú náà.

"Bàbá mọ̀?"

"Èmi ni mo ní kó fa ìlà. Mo ní kí iyẹ̀pẹ̀ má kọjá ibẹ̀ láéláé."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ọdún mọ́kànlélógún, Apakán. Gbólóhùn kan péré ni. Mo pè é lólóríkunkun lójú ọmọ ẹ̀."

Apakán ti irin rẹ̀ bọ àpò, ó tún yọ ọ́. Ó hàn pé kò fẹ́ sọ ọ́.

"Èmi náà bi í. Ìgbà tí mo wá da oògùn kẹ́yìn ni, mo bá a tó ń kó iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, 'Sọ fún ìyàwó ẹ kó yéé wọ́ ọ jọ, kí ìwọ náà sinmi.' Ó ní, 'Ẹgbẹ̀rin ọmọ ló ń gbálẹ̀ fún lójoojúmọ́, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ bà jẹ́ kó tó délé. Ibí nìkan ló ti ń gbálẹ̀ tí inú ẹ̀ ń dùn. Èmi ni màá wá sọ fún un pé ìgbálẹ̀ ẹ̀ ló ń ba ilé jẹ́? Ṣọ́bìrì ò wúwo.'" Ó gbé páǹpù rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ìyá Tónítóní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ tó gbá fúnra rẹ̀, ó sì sunkún. Kò fi bò. Apakán lọ dúró nídìí igi ẹnu géètì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ewé. Ìdí igi náà ga ju ibi yòókù lọ, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ọdún mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀.

Kó tó lọ, ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú oògùn, káfíńtà á sì tẹ̀ lé òun. Ó ní gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ ti kúrò kó tó di ìgbà yẹn, kí Màmá wá ẹni tó lágbára bẹ̀ níṣẹ́. Ìyá Tónítóní ní òun ti gbọ́.

Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó lọ sẹ́yìn yàrá ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Igi rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ tán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bóyá òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Irin nìkan ló kù, ó ti dípẹtà. Ó gbé irin náà lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó gbé àpótí rẹ̀ tì í, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú bí ẹni di àwo mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Bó bá fá ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, á sinmi, á sún àpótí síwájú, á tún fá a. Aránṣọ yọjú láti ojú fèrèsé, ó béèrè bóyá kí òun wá ràn án lọ́wọ́. Ìyá Tónítóní ní kó má ṣèyọnu, iṣẹ́ ẹnì kan ni.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Màmá, ọkùnrin yẹn wá? Kí ló wí? Ṣé kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún Sátidé?"

"Máa bọ̀ ní Sátidé. Má gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Òrùlé wà níbi tí bàbá ẹ gbé e sí. Igi ṣọ́bìrì ẹ̀ ni ikán jẹ. Bá mi ra òmíràn bọ̀, kó má gùn jù, torí èmi ni màá máa lò ó."

"Ṣọ́bìrì, Màmá? Ní ọjọ́ orí yín? Ṣé kò ní wúwo jù fún yín báyìí?"

Apá ń ro ó dé èjìká, orúnkún ò sì fẹ́ jẹ́ kó dìde. Ìyá Tónítóní wo ìlà pupa tó ti hàn dé ìdajì ògiri.

"Kò wúwo," ó ní.